Àbùùbùtán àti Ẹranmi Inú Ọ̀sà Wa

A ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn tí ń wọ ọkọ̀ lọ wo àbùùbùtán lójú òkun, àti bóyá èrè kan lè ti irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ wá fún ìlú tiwa.

Orúkọ rẹ̀ ni n óò kọ́kọ́ mú. Àwọn bàbá wa gbà pé bí gbogbo ìlú bá bu ẹran rẹ̀, kò lè tán. Orúkọ náà dùn, ṣùgbọ́n ojú ìkòkò ọbẹ̀ ni a fi sọ ọ́. Ní ọ̀rúndún ogún, àwọn ọkọ̀ apẹja òkèèrè bù ú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Irú èyí tí ó ní iké lẹ́yìn nìkan, iye tí wọ́n pa ní ìhà gúúsù ayé lé ní 200,000. Ní 1963 ni àjọ àgbáyé fòfin de pípa irú yìí ní ìhà ibẹ̀. Ìpinnu láti dá pípa gbogbo àbùùbùtán fún òwò dúró, tí wọ́n ṣe ní 1982, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986.

Àwọn abiké wọ̀nyí kan náà ni ó ń wá sí etí òkun wa. Inú omi tútù nínini ní ìsàlẹ̀ ayé ni wọ́n ti ń jẹun. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń wá bímọ sí, láti nǹkan bí oṣù kẹjọ títí di oṣù kọkànlá. Ní Kútọnu, ní ilẹ̀ Benin, ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Nature Tropicale ti ṣètò ọkọ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ wò wọ́n. Èmi náà ti wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbì gbé wa sókè sódò, a sì dúró pẹ́. Lójijì omi tú sókè bí èéfín, ẹ̀yìn dúdú kan yọ bí ọkọ̀ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí èébì ń gbé gbàgbé èébì rẹ̀. Awakọ̀ dẹ ẹ́ńjìnnì, kò sì sún mọ́ wọn.

Ọ̀sà wa kò ní àbùùbùtán. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ṣùgbọ́n ní ìhà Ẹ̀pẹ́ àti ọ̀sà Lẹ́kí, a ní ẹranmi tí òyìnbó ń pè ní manatee. Ó lè gùn ju mítà mẹ́ta lọ, koríko ni olórí oúnjẹ rẹ̀, a sì máa yọ imú sókè láti mí. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń bí, lẹ́yìn oyún bí ọdún kan. Ẹ rí i pé bí a bá pa ìyá kan, àdánù náà kì í tètè kún. Ojú ń tì í, omi wa kò sì mọ́ gaara: ẹni tí ó bá ṣèlérí fún àlejò pé dandan ni yóò rí i, irọ́ ni ó pa.

Òfin ilẹ̀ wa ti dáàbò bò ó láti 1985, a sì ti ka òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè léèwọ̀ láti 2013. Síbẹ̀ wọ́n ń pa á. Èmi kò ní bú apẹja. Ẹranmi yìí a máa fa àwọ̀n ya, àwọ̀n sì ni oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀. A kì í fi ìwé òfin se ọbẹ̀.

Nítorí náà mo mú àbá kan wá. Kí ẹgbẹ́ ya owó sọ́tọ̀ láti ra àwọ̀n mìíràn fún apẹja tí ó bá tú manatee sílẹ̀ láàyè, tí àwọ̀n rẹ̀ sì bàjẹ́. Bí a bá dá ọkọ̀ ìgbafẹ́ sílẹ̀, kí àwọn apẹja wọ̀nyí ni kí ó máa tù ú, nítorí àwọn ni ó mọ ibi tí ẹran náà ti ń jẹ. Ẹ̀yin ará ìdálẹ̀, ẹ bá wa ra ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ gbéra láìsí i. Alága, mo bẹ̀bẹ̀ kí a jíròrò àbá yìí kí a tó túká lónìí.