Ọmú Tó Ń Dun Ìyálọ́mọ: Ọ̀rọ̀ Gbogbo Òṣìṣẹ́ Ni

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ṣógúnlé)



Mo rí i pé àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bèèrè pé kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ọmú. Ẹ ní sùúrù. Bí ìrora bá mú kí ìyálọ́mọ pa ọmú tì, wàrà inú agolo ni yóò rọ́pò rẹ̀. Owó ta ni a ó fi rà á? Owó awakọ̀ àti owó òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ni. Bí omi tí a fi pò ó kò bá sì mọ́, ìgbẹ́ gbuuru dé nìyẹn.

Ẹ̀yin ìyá, kò yẹ kí ọmú máa dunni títí. Ó lè máa ta díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí orí ọmú bá là, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, bí ọmọ ṣe gbé e sẹ́nu ló sábà máa ń fà á. Ọmọ tó mú orí ọmú nìkan yóò máa fi èrìgì rún un, wàrà kò sì ní jáde dáadáa. Ẹ gbé ọmọ mọ́ra, kí ikùn rẹ̀ kan ikùn yín. Ẹ dúró kí ó la ẹnu gbàgà, kí ó gba orí ọmú pẹ̀lú púpọ̀ nínú ibi dúdú tó yí i ká. Bó bá ṣì ń dùn yín, ẹ ti ìka bọ igun ẹnu ọmọ kí ó tú u sílẹ̀, kí ẹ tún un gbé. Bó bá mu tán, ẹ fi omi ọmú díẹ̀ pa ojú ibi tó là, kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ gbẹ.

Ìrora kejì ni ti àwa òṣìṣẹ́ gan-an. Obìnrin tó kúrò ní Ṣógúnlé ní ìdájí, tó dúró nídìí ẹ̀rọ títí di ìrọ̀lẹ́, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Òṣòdì tún dá dúró, ọmú rẹ̀ á ti kún, á le bí òkúta. Bí wàrà kò bá jáde, ọmú á wú, á gbóná, ibà á dé. Ẹ má torí ìyẹn já ọmọ lẹ́nu ọmú. Wàrà náà kò ní pa á lára. Kí ọmọ máa mu lọ, tàbí kí ìyá fi ọwọ́ fún un jáde, lẹ́yìn náà kí ó fi aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù lé e. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára tẹ̀ ẹ́. Bí ibà kò bá lọ láàárín ọjọ́ kan, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Oògùn wà tí ìyá lè lò láìdá ọmú dúró.

Ní 1919, ní Washington, ILO, ìyẹn Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ṣe àdéhùn pé kí ìyálọ́mọ máa gba ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, láàárín iṣẹ́, láti fi fún ọmọ lọ́mú. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ti 1974 sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú. Òfin yìí kan náà fún ìyá ní ọ̀sẹ̀ 6 ìsinmi lẹ́yìn ìbímọ. Ṣùgbọ́n oṣù 6 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ fi mu ọmú nìkan, láìsí omi, láìsí àgbo. Àárín ọ̀sẹ̀ 6 sí oṣù 6 yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá ti ń pa ọmú tì.

Òfin inú ìwé kò lè fún ọmọ lọ́mú. Ẹni tó bá dá lọ bá ọ̀gá, wọ́n lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ̀ka wa béèrè. Èkíní, kí a kọ ààbọ̀ wákàtí méjèèjì sínú àdéhùn wa pẹ̀lú ilé iṣẹ́, láìgé owó ẹnikẹ́ni. Èkejì, kí a ní yàrá kékeré kan tó ní ilẹ̀kùn, àga àti omi tó mọ́. Ilé ìgbẹ́ kọ́ ni ibi tí a ti ń fún wàrà tí ọmọ yóò mu.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ pọn omi, ẹ dáná, ẹ gbé ọmọ kí ìyá lè sùn. Kí ẹ sì na ọwọ́ sókè nígbà tí a bá ń dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ wa sí.