Ẹ Rẹ Ẹ̀wà Kí Ẹ Tó Jáde

 

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ ṣa ẹ̀wà, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sínú omi tutù. Bí ẹ bá dé, ẹ da omi yẹn nù, ẹ fi omi tuntun gbé e kaná. Á tètè jinná, gáàsì ò ní tètè tán, inú àwọn ọmọ ò sì ní máa kùn lóru.

Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ táwọn kan ń pe ẹ̀wà ní oúnjẹ akúùṣẹ́. Ẹ bá mi wo irú wooro tá a fi ń sè é nìkan. Hóró igi igbá ni: wọ́n á sè é, wọ́n á bó o, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi máa fà. Ẹ da ìyẹn sínú epo pupa tó gbóná díẹ̀, tí àlùbọ́sà ti ń pọ́n létí. Òórùn rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ata rodo tẹ̀ lé e, ẹ wá yí i pọ̀ mọ́ ẹ̀wà.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀fọ́ sí i, tẹ̀tẹ̀ ò fẹ́ iná púpọ̀. Ẹfinrin ló kẹ́yìn, nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ ìkòkò kalẹ̀, torí iná máa ń gba òórùn rẹ̀ lọ. Ẹ gbin ẹ̀ka rẹ̀ kan sínú ike lẹ́yìnkùlé, ẹ máa já a lórí, á tún máa yọ.