Ìgboyà Nìkan Kò Tó: Ìtàn Ìbọn Abẹ́rẹ́

Wọ́n ní kí n sọ ìtàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kí ọbẹ̀ tutù.

Gbogbo wa la mọ ṣakabùlà. Ẹ ó da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, ẹ ó ju ọta sí i, ẹ ó fi ọ̀pá gún un. Orí ìdúró lẹ máa wà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Yúróòpù ṣe ń ki ìbọn láyé ọjọ́un.

Johann Nikolaus von Dreyse, ọmọ alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́rọ́ ní Sömmerda ní Jámánì, ló yí i padà. Ó ṣe irin kan sí ìdí ìbọn, tí à ń tì síwájú, tí à ń yí, bí ìdábùú ilẹ̀kùn. Ọta, ẹ̀tù àti ohun tó ń ṣaná wà nínú bébà kan. Tí wọ́n bá yìn ín, abẹ́rẹ́ gígùn á gún bébà náà, á la ẹ̀tù kọjá, iná á sì ràn. Ọmọ ogun lè dọ̀bálẹ̀ kó ki ìbọn. Ní 1840, ìjọba Prussia ní kí wọ́n ṣe 60,000. Wọ́n fún un lórúkọ mìíràn kí àṣírí má baà tú.

Ní 1864, Austria àti Prussia jọ bá Denmark jà. Nítorí náà, Austria kò lè ní òun ò gbọ́ nípa ìbọn yìí. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn méjèèjì kọjú ìjà síra ní Königgrätz, ní July 3, 1866, ìbọn à-kì-lẹ́nu àti ọ̀bẹ ẹnu ìbọn ni Austria gbé sáré sí wọn. Wọ́n láyà, ẹ má purọ́ mọ́ wọn! Àwọn àti ará Saxony pàdánù ènìyàn tó lé ní 40,000, tòkú, tọgbẹ́, tẹlẹ́wọ̀n. Ti Prussia jẹ́ bíi 9,000.

Ṣé Prussia wá jókòó tẹ́rù? Abẹ́rẹ́ yẹn a máa kán, iná a sì máa tú sójú ẹni tó ń yìn ín. Ní 1866 kan náà ni Faransé gba Chassepot, tó ń lọ jìnnà tó ìlọ́po méjì. Nígbà ogun 1870, Prussia borí, àmọ́ àgbá ńlá Krupp ló kó wọn yọ jù. Ìbọn Mauser ti 1871 ló rọ́pò ìbọn abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin ará, yàrá sáyẹ́ǹsì tí a fi sílẹ̀ nílé ìwé wa, òun náà làwọn ọmọ ṣì ń lò. Ọmọ tó láyà ni wọ́n. Ẹ má jẹ́ ká fi ṣakabùlà rán wọn lọ sógun. Kí a tó tú ká lónìí, ẹ jẹ́ ká dáwó.