Ọjọ́ Kérésìmesì ní Camp Nou



Lọ́dún 1970, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Immaculada Cabecerán, gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Agustí Montal, ààrẹ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Barcelona. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló bẹ̀: kí àwọn obìnrin náà máa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Montal gbà fún un.

Nígbà tó di ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà, wọ́n jáde sórí pápá Camp Nou, wọ́n kojú ẹgbẹ́ Centelles. Ọ̀mì ni, pẹnáritì ló là wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Barcelona! Àṣàyàn Ìlú Barcelona ni wọ́n ń pè wọ́n. Ayé Franco, apàṣẹwàá Sípéènì, ni, àjọ bọ́ọ̀lù Sípéènì ò ka bọ́ọ̀lù obìnrin sí rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí dọ́kàn, torí ọdún 2002 ni Barcelona tó sọ wọ́n di ọmọ ilé gan-an.

Ní 2019, Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, dara pọ̀ mọ́ wọn. Lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ Lyon fi góòlù mẹ́rin sí ẹyọ kan nà wọ́n ní àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ Yúróòpù. Oshoala ló jẹ ẹyọ kan ọ̀hún. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n na Chelsea ní mẹ́rin sódo, wọ́n gbé ife lọ sílé.

Ní April 2022, wọ́n gbàlejò ẹgbẹ́ Wolfsburg ní Camp Nou kan náà. Èèyàn 91,648 ló wá wòran.