Ìdagẹ̀rẹ̀ Ẹnu Ṣísẹ́lì

Ẹ̀yin àgbà, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ohun tí a fẹ́ bá yín sọ kò fẹ̀ ju èékánná lọ, ṣùgbọ́n ó ti ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ irin dáradára jẹ́, ó sì ti ta ẹ̀jẹ̀ ọmọ-iṣẹ́ púpọ̀ sílẹ̀. Ìdagẹ̀rẹ̀ ẹnu ṣísẹ́lì ni.

Àwọn ènìyàn a máa rò pé bí ẹnu irin bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ tó ni ó ti dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ a máa wọ igi pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n irin tí ó gbé e ró lẹ́yìn kò pọ̀. Bí a bá fi òòlù lù ú wọ igi líle bí apá tàbí ayin, yóò ṣẹ́ wẹ́wẹ́, a ó sì máa dá ẹni tí ó tà á lẹ́bi. Ẹnu tí ó nípọn jù, ẹ̀wẹ̀, kì í tètè ṣẹ́, ṣùgbọ́n agbára ni a ó fi máa tì í; irin tí a sì ń fi agbára tì ni í yọ̀ lọ bá ọwọ́ kejì.

Nítorí náà, iṣẹ́ ni yóò sọ ìwọ̀n. Ẹ rántí pé igun tábìlì jẹ́ dígírì 90. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ ni 30. Ṣísẹ́lì tí a ń fi ọwọ́ nìkan tì láti fá igi rírọ̀, 20 sí 25 tó fún un. Èyí tí a fi ń gbẹ́ ihò pẹ̀lú òòlù ń fẹ́ 30 sí 35. Fún iṣẹ́ gbogbo ojoojúmọ́, a ó fi òkúta tí ń yí lọ̀ ọ́ ní 25, a ó sì pọ́n kìkì etí rẹ̀ ní 30 lórí òkúta olóróro. Báyìí, ìwọ̀nba irin díẹ̀ ni a ń pọ́n nígbàkúùgbà tí ó bá kújú. Lórí òkúta tí ń yí, ẹ máa rì í bọ omi léraléra. Bí ẹnu rẹ̀ bá di aláwọ̀ búlúù, líle rẹ̀ ti lọ, àfi kí a lọ ibẹ̀ dànù.

Ẹni tí kò ní ohun ìwọn igun, kí ó wọn ìnípọn irin níbi tí ìdagẹ̀rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì wọn gígùn ìdagẹ̀rẹ̀ náà dé ẹnu. Bí gígùn bá jẹ́ ìlọ́po méjì ìnípọn gẹ́lẹ́, 30 ni. Irin tí ó nípọn ní mìlímítà 4, kí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gùn ní 8. Fún 25, ó tó 9 àti ààbọ̀. Fún 35, ó tó 7.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ máa mì sókè sódò, nítorí ẹnu yóò rí bọ̀ọ̀lù. Ohun ìdìmú oníkẹ̀kẹ́ wà fún èyí. Àwọn ọ̀gá kan a máa fi í rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìka bá mọ etí kékeré tí ó yí sẹ́yìn irin, ẹ tẹ́ ẹ̀yìn náà pẹrẹsẹ lórí òkúta kí ẹ sì fà á kúrò, láìgbé e sókè rárá.

Bí ẹnu bá ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fi dígírì 2 kún un. Bí ó bá tún ṣẹ́, 2 mìíràn. Bí kò bá ṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ó ṣòro láti tì, ẹ dín in kù. Irin kò dọ́gba. Ìwọ̀n tí ẹ bá rí pé ó yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí èèkù rẹ̀.