Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ń Ṣọ́ Ìwé Ara Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá jẹ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ni.

Ọdún 1947 ni a tẹ ìlú Ayétòrò yìí dó sí etí òkun. Òkun náà ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Bí a bá fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba nípa rẹ̀, ọmọ tí ó lọ sí Yunifásítì ni a máa ń wò lójú. Ká ní ọmọ náà kọ ọ́ pé, “The sea take our school.” Ní èdè tiwa, “òkun gbé ilé ìwé wa” ti tó, a mọ̀ pé ó ti lọ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. “Has taken” ni yóò sọ pé omi ti gbé e. “Is taking” ni yóò sọ pé omi ń gbé e lọ lọ́wọ́, pé a ṣì lè gbà á là. Ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́, èwo ni kí ó mú nínú méjèèjì?

Ọ̀wọ̀ pàápàá a máa dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ láti máa pe bàbá rẹ̀ ní “wọ́n” yóò kọ “they”, òyìnbó yóò sì máa wá iye bàbá tí ọmọ náà ní.

Olùkọ́ Yunifásítì ní ìwé púpọ̀ láti yẹ̀ wò. Ó fa ìlà pupa, ó fi máàkì sí i, ó dá a padà. Akẹ́kọ̀ọ́ wo máàkì, ó ká ìwé sápò. Kí ni ó kọ́?

Ní 1990, Maggie Charles kọ̀wé nípa ọ̀nà mìíràn nínú ELT Journal, ìwé àtìgbàdégbà àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ìwé sílẹ̀, yóò tún un kà, yóò sàmì sí ibi tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, yóò sì kọ ìbéèrè rẹ̀ sí etí ìwé: “Mo fẹ́ sọ pé ilé ìwé náà ti lọ. Ǹjẹ́ ‘take’ tọ́?” Ìbéèrè yìí gan-an ni olùkọ́ yóò dáhùn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì tún ìwé náà kọ.

Ẹlòmíràn yóò ní ọmọ tí ń bi olùkọ́ léèrè kò lẹ́kọ̀ọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè etí ìwé kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó sì rọ ọmọ tí ojú ń tì láti nawọ́ sókè láàrin èrò lọ́rùn.

Àṣìṣe tí ọmọ kò fura sí, kò lè béèrè rẹ̀. Nítorí náà ìlà pupa olùkọ́ ṣì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ọmọ kọ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, kí ó máa fi wá òmíràn nínú ohun tí yóò kọ lẹ́yìn náà.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti Òkìtìpupa tàbí Ìbàdàn wálé ìsinmi, ẹ ní kí ó mú ìwé rẹ̀ wá. Kò di dandan kí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ní kí ó sọ ohun tí ó ní lọ́kàn ní èdè Ìlàjẹ, kí ó sì wo bóyá ohun tí ó kọ bá a mu. Ibi tí kò bá ti dá a lójú, kí ó kọ ìbéèrè sí etí rẹ̀, kí ó mú un padà tọ olùkọ́ lọ.