Ògógóró inú Páràgà: Èwo Ni Ó Dára?

Bí ènìyàn bá dé ibùdókọ̀ ní Ṣágámù, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà Benin, kò ní pẹ́ kí ó tó rí alágbo tí ó to ìgò sórí tábìlì. Egbò àti èèpo igi ni ó wà nínú ìgò náà. Ògógóró ni a fi rẹ wọ́n. Páràgà ni orúkọ rẹ̀. Egbò lè jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n bí ògógóró bá yàtọ̀, páràgà yàtọ̀. Báwo wá ni ẹni tí ń mu ún ṣe lè mọ èyí tí ó dára?

Ara igi ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí adẹ́mu bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀pẹ tí ó dá ẹmu lára rẹ̀ yóò wà láàyè, yóò sì tún mú òmíràn wá. Ògùrọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àbàtà ni ó ń hù sí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń so, bí a bá sì ti dá ẹmu lára rẹ̀ tán, ó kú nìyẹn. Èyíkéyìí nínú méjèèjì ni a lè fi pọn ògógóró. Bí ẹmu bá ti kan, a ó dà á sínú àgbá, a ó dáná sí i. Ooru rẹ̀ yóò gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, yóò sì máa kán sílẹ̀ ní ọtí líle.

Ìjọba amúnisìn fi òfin de ọtí yìí. Akpeteshie tí wọ́n ń pè é ní Ghana wá láti inú èdè Gã, ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ mọ́ ìfarapamọ́. Ohun tí a ń pọn ní ìkọ̀kọ̀ kì í ní ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà ni àwọn amutí fi ń dán an wò fúnra wọn: wọ́n á mi ìgò kí ó hó, wọ́n á ṣá iná sí i kí ó jó.

Àṣìṣe ibẹ̀ nìyí. Iná ń fi hàn bí ọtí ti le tó. Kò fi irú ọtí tí ó jẹ́ hàn. Methanol, tí í ṣe májèlé, ń jó bákan náà, kò sì ní àwọ̀. Kíkorò egbò sì lè bo adùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ènìyàn tí ó ju 10 lọ kú ní Òde-Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ojú wọn ṣókùnkùn kí wọ́n tó kú. Àwọn kan ní ìbínú òrìṣà ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol inú ọtí ni.

Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí. Ọtí tí ń fọ́ ojú kò jẹ́ kí olúwa rẹ̀ ṣọ́ orí. Kí á tó béèrè èyí tí ó dùn jù, ẹ jẹ́ kí á béèrè ẹni tí ó pọn ọ́n, àti ohun tí ó fi pọn ọ́n. Ìbéèrè tí a fi sílẹ̀ fún àwọn tí yóò jíròrò ni èyí: kí ni ìjọba lè ṣe tí orúkọ apọntí yóò fi wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan?